Kí Ẹ Tó Tọwọ́ Bọ Ìwé Ilé Ńlá Ìgbèríko Ostuni

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí: "Èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Manchester, ọmọ orílẹ̀-èdè Brítéènì sì ni àwa méjèèjì. A ti rí ilé ńlá ìgbàlódé kan ní ìgbèríko Ostuni, ní ẹkùn Puglia ní orílẹ̀-èdè Ítálì, níbi tí kò ju kìlómítà mẹ́fà lọ sí òkun. Ọdún 2011 ni wọ́n kọ́ ọ. Ó fẹ̀ tó 220 mítà onígun mẹ́rin, ó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ó sì wà lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan tí igi ólífì kún. Yúrò 480,000 ni ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ fẹ́ tà á. Alágbàtà ní kí a tọwọ́ bọ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní proposta, kí a sì san 10,000 kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ní ìwé àṣẹ adágún náà ti wà lọ́nà. Ṣé kí a tọwọ́ bọ̀ ọ́? Èló ni owó orí yóò jẹ́? Ṣé a sì lè máa gbé ibẹ̀ bí a bá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́?"

Ìyáàfin, ẹ má tíì tọwọ́ bọ ìwé náà, ẹ má sì tíì san kọ́bọ̀. Ilé náà lè dára, alágbàtà yín sì lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n ìwé tó gbé síwájú yín lágbára ju bí ẹni tó ti pẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lè rò lọ. Ní Manchester, bí ẹ bá sọ iye tí ẹ fẹ́ san tí onílé sì gbà, ẹnikẹ́ni nínú yín ṣì lè yí ọkàn padà títí di ọjọ́ tí àwọn lọ́yà bá pàrọ̀ ìwé àdéhùn. Ní Ítálì, bí ẹ bá ti tọwọ́ bọ proposta, ìwé tí ẹ fi sọ iye tí ẹ fẹ́ rà á, tí onílé sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ láti fi gbà á, tí ìròyìn pé ó ti gbà á sì tẹ̀ yín lọ́wọ́, àdéhùn ti dé. Owó tí ẹ san sílẹ̀ yóò di ohun tí òfin wọn ń pè ní caparra confirmatoria: bí ẹ bá kọ̀ láti ra ilé náà mọ́, onílé yóò mú owó náà lọ, bí òun ló bá kọ̀ láti tà á, yóò san án padà fún yín ní ìlọ́po méjì. Ọjọ́ yẹn kan náà ni alágbàtà lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, nítorí òfin gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí ní kété tí òǹrajà àti òǹtajà bá ti fi àdéhùn de ara wọn. Ẹ wá rò ó wò: bí ẹ bá wá mọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ilé náà ní àbùkù nínú ìwé, ẹ lè pàdánù 10,000, kí ẹ sì tún máa bá alágbàtà fa ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá bẹ̀rù pé ilé náà lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ọ̀nà kan wà tí ó tọ́. Ẹ lè fún wọn ní proposta tí a kọ àmúyẹ sí: pé àdéhùn náà kò ní múlẹ̀ àyàfi bí geometra (oníṣẹ́ ìwọnlẹ̀ àti pílánù) tí ẹ̀yin fúnra yín yàn bá yẹ ìwé ilé náà wò ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tí ó sì jẹ́rìí pé ohun tó dúró lórí ilẹ̀ bá ohun tí wọ́n fọwọ́ sí mu, pé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ báyìí báyìí, owó yín yóò padà sọ́wọ́ yín ní kíkún, alágbàtà kò sì ní gba nǹkan kan. Onílé tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í sábà bá irú gbólóhùn yìí jà. Èyí tó bá yarí pé kò sí àkókò fún un ti sọ ohun tí ẹ ní láti mọ̀ fún yín.

Geometra ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá lọ́yà pàápàá. Ó jẹ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀, iṣẹ́ yíya pílánù àti òfin ìkọ́lé, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ náà. Ẹ má gba èyí tí alágbàtà bá mú wá fún yín, ẹ má sì gba èyí tó yàwòrán ilé náà fún onílé ní 2011. Yóò kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní comune Ostuni, èyí tí í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ wọn, pé òun fẹ́ rí gbogbo fáìlì ilé náà. Onílé ni yóò fún un ní ìwé àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gbé fáìlì náà jáde. Ẹ dúró dè é.

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn máa ń gbé ìbẹ̀rù ibẹ̀ dé ibí: ṣé ẹni tó ń ta ilé yìí ló ni ín lóòótọ́, àbí ẹbí mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn? Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n ní Ítálì, ibẹ̀ kọ́ ni ewu pọ̀ sí jù. Notaio, tí í ṣe òṣìṣẹ́ òfin tí ìjọba fún ní àṣẹ láti kọ ìwé ìtajà, yóò wo ìtàn ilé náà padà sẹ́yìn fún 20 ọdún ó kéré tán; yóò wò bóyá báńkì ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, bóyá ilé ẹjọ́ ti gbẹ́sẹ̀ lé e, àti bí ilé náà bá jẹ́ ogún, bóyá gbogbo àwọn ajogún ló ń tọwọ́ bọ̀wé. Iṣẹ́ yìí, wọ́n ń ṣe é dáadáa. Ohun tí iṣẹ́ notaio kò dé ni ilé fúnra rẹ̀. Kì í gbé okùn ìwọ̀n lọ sí oko láti wọn iyàrá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ilẹ̀ náà, Corte di Cassazione, dájọ́ pé bí ìwé ìtajà bá ti dárúkọ ìwé àṣẹ ìkọ́lé kan tó wà lóòótọ́, tó sì jẹ́ ti ilé náà, ìtajà náà múlẹ̀, kódà bí ohun tí wọ́n kọ́ kò bá bá ohun tí àṣẹ náà sọ mu. Ìyẹn ni pé ẹ lè di onílé lábẹ́ òfin láìsí àríyànjiyàn, kí ẹ sì jogún ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ́lé tí ẹlòmíràn dá. Àṣẹ pé kí a wó ilé kì í kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í tẹ̀lé ẹni tó kọ́lé lọ sí ibi tó kó lọ. Ẹni tó ni ilé lọ́wọ́ ni yóò bá. Bí ẹni náà kò bá wó o láàárín 90 ọjọ́, comune lè gba apá tó lòdì sí òfin náà àti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan lórí ohun tí ẹ kọ sí mi. Láti ọdún 1968 ni ìjọba àpapọ̀ Ítálì ti fi ìwọ̀n sí ilé gbígbé tí a lè kọ́ sórí ilẹ̀ oko: fún mítà onígun mẹ́rin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àyè ilé kò gbọdọ̀ ju 0.03 mítà kúbù lọ. Hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 mítà onígun mẹ́rin, nítorí náà 300 mítà kúbù péré ni ilẹ̀ yín lè gbà. Bí ilé bá ga ní mítà mẹ́ta láti ilẹ̀ dé àjà, 300 yẹn jẹ́ nǹkan bí 100 mítà onígun mẹ́rin. Ilé tí wọ́n fẹ́ tà fún yín jẹ́ 220. Níbo ni 120 tó kù ti wá?

Ìdáhùn tó mọ́ lè wà. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ́lé ní ilẹ̀ mìíràn nítòsí, kí ó sì so ẹ̀tọ́ ìkọ́lé ilẹ̀ yẹn pọ̀ mọ́ èyí pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ń pè ní asservimento. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé náà yóò wà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ohun-ìní sílẹ̀, geometra yóò sì rí i. Ó ṣeé ṣe kí trullo (ilé òkúta ìbílẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó) tàbí ilé òkúta àtijọ́ mìíràn ti wà níbẹ̀, tí wọ́n fi àyè rẹ̀ kún ti ilé tuntun. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kẹta wà tí ó wọ́pọ̀ ní abẹ́ oko Puglia, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fojú ṣọ́. Nínú pílánù tí comune fọwọ́ sí, yàrá méjì àti ibi ìdáná nìkan ni wọ́n kọ pé ó jẹ́ ibi gbígbé. Ìyókù jẹ́ ibi ìkó-irinṣẹ́-oko-sí, ibi ìkó-epo-ólífì-sí, ibi ìgbọ́kọ̀sí, tàbí ọ̀ọ̀dẹ̀ tí kò ní ògiri. Lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ ìjọba ti wá wò ó tí ó sì ti lọ, wọ́n wá fi gíláàsì dí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n gbé ibùsùn sí ibi ìkó-irinṣẹ́, wọ́n sì fi páìpù omi sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Yàrá tó rẹwà jù lọ nínú àwòrán tí alágbàtà fi ránṣẹ́ sí yín lè jẹ́ ibi ìkó-katakata-sí nínú ìwé. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2024 ti fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké tó ti wà ṣáájú ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún náà: fún ilé tó wà láàárín 100 sí 300 mítà onígun mẹ́rin, ìdá 4 nínú 100 ni àṣìṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè gbójú fò. Ìdá 4 kò lè gba ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ti di yàrá.

Ẹ máa gbọ́ pé ilé náà "bá catasto mu". Catasto jẹ́ ìwé tí ìjọba fi ń mọ ohun tí wọn yóò gba owó orí lé lórí. Láti oṣù Keje ọdún 2010 ni òfin ti sọ pé ìtajà kò ní múlẹ̀ bí pílánù inú catasto kò bá jọ ilé tó wà nílẹ̀, nítorí náà àwọn onílé máa ń yára tún un ṣe kí wọ́n tó tà. Wọ́n lè ya yàrá tí kò ní àṣẹ sínú rẹ̀, owó orí sì ni ọ́fíìsì náà ń wá, kì í ṣe ìwé àṣẹ. Pílánù tí comune fọwọ́ sí ni kí geometra fi wọn ilé náà.

Nípa adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí ìwé rẹ̀ "wà lọ́nà": ẹ gbà pé adágún náà kò ní ìwé. Bí wọ́n bá tọrọ àṣẹ fún ohun tí wọ́n ti kọ́ tán láìgba àṣẹ rárá, tí comune kò sì fèsì láàárín 60 ọjọ́, òfin sọ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà jẹ́ kíkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i ní agbègbè yín, nítorí pé láti 2015 ni Puglia ti ní ètò ìdáàbòbò ẹwà ilẹ̀ tó dé ọ̀pọ̀ ibi ní ìgbèríko, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ tàbí kọ́ nǹkan láìgba àṣẹ kejì tó yàtọ̀ sí àṣẹ ìkọ́lé, irú àṣẹ yẹn sì ṣòro gan-an láti rí gbà lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mo bá tẹ̀lé ra ilé ni pé kí onílé parí ọ̀rọ̀ adágún kí ọjọ́ ìtajà tó pé, kí ó sì fi ìwé náà hàn ní ọwọ́; bí kò bá lè ṣe é, kí ẹ díye lé ilé náà bí ẹni pé adágún kò sí níbẹ̀, kí ẹ sì yọ owó tí yóò náni láti dí i padà kúrò nínú iye tí ẹ ó san.

Bí ẹlòmíràn tó ń ka ìdáhùn yìí bá ń wo ilé tó súnmọ́ omi ju tiyín lọ, kí ó mọ̀ pé jákèjádò Ítálì ni 300 mítà láti etí òkun ti wà lábẹ́ ìdáàbòbò ẹwà ilẹ̀ láti ọdún 1985, àti pé ní Sicily, òfin ọdún 1976 ka ilé kíkọ́ léèwọ̀ láàárín 150 mítà àkọ́kọ́. Ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún yẹn láìní àwíjàre ni mo máa ń sọ pé kí ènìyàn sá fún, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ lórí hẹ́kítà igi ólífì yín, nítorí pé àwọn òǹrajà máa ń wò ó bí ọgbà, òfin sì ń wò ó bí oko. Níwọ̀n bí ilẹ̀ náà ti ju 5,000 mítà onígun mẹ́rin lọ, onílé gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́dọ̀ comune tó sọ ohun tí a lè fi ilẹ̀ náà ṣe. Láìsí i, notaio kò ní lè kọ ìwé ìtajà. Lẹ́yìn náà, bí àgbẹ̀ tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro oko bá pààlà pẹ̀lú ilẹ̀ yín, ó ní ẹ̀tọ́ láti ra ilẹ̀ oko náà ṣáájú yín ní iye kan náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà sọ fún un, ó sì ní 30 ọjọ́ láti fèsì. Bí wọn kò bá sọ fún un, ó lè dìde láàárín ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n ti forúkọ ìtajà náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ohun-ìní, kí ó san iye tí a kọ sínú ìwé, kí ó sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ béèrè orúkọ gbogbo ẹni tó pààlà pẹ̀lú ilẹ̀ náà, kí ẹ sì gba ìwé tí àwọn àgbẹ̀ inú wọn tọwọ́ bọ̀ pé àwọn kò fẹ́ rà á. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹ mọ àwọn aládùúgbò yín kí ẹ tó dé.

Àwọn igi náà fúnra wọn ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ní 2013 ni wọ́n rí kòkòrò àrùn Xylella fastidiosa lára igi ólífì nítòsí Gallipoli, ní ìsàlẹ̀ Puglia, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń rìn lọ sí àríwá, tí ó ti pa àìmọye igi, tí ó sì ti dé agbègbè Ostuni. Kò sí oògùn tó ń wo igi tó bá ti mú sàn. Ìjọba lè pàṣẹ pé kí ẹ gé igi tó ní àrùn náà. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ẹkùn náà ti 2007 sì sọ pé ẹ kò gbọdọ̀ hú àwọn igi arúgbó ńláńlá tí wọ́n kà sí ohun àjogúnbá, ẹ kò sì gbọdọ̀ ṣí wọn nípò láìgba àṣẹ. Ẹ mú ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀gbìn dání lọ, kí ó wo ewé orí wọn. Bí ewé bá ti ń jó láti ṣóńṣó wá sí ìdí, ẹ ó máa náwó lórí gígé igi àti gbígbin irú tuntun tó lè bá àrùn náà fà á, bíi Leccino.

Omi ni ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ní ìgbèríko Puglia, nítorí pé òkúta ẹfun ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, odò kò pọ̀, òjò tó bá rọ̀ sì ń wọlẹ̀ lọ ni. Ọ̀pọ̀ ilé oko ni páìpù omi ìjọba kò dé. Ẹ béèrè bóyá bóhòlù ni wọ́n ń lò, kí ẹ rí ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ẹ sì gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, nítorí pé omi abẹ́ ilẹ̀ tó súnmọ́ òkun máa ń ní iyọ̀, iyọ̀ náà a sì máa ba ẹ̀rọ ìfọṣọ àti páìpù jẹ́. Bí táńkà ló ń gbé omi wá, ẹ béèrè ìgbà mélòó ní oṣù Keje àti Kẹjọ, nígbà tí adágún àti àlejò bá pọ̀. Ṣọ́kàwéè náà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Ẹ pe ilé náà ní ìgbàlódé, ọdún 2011 sì jẹ́ ọdún tó dára láti jẹ́ ọjọ́ orí ilé ní Ítálì. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì ní L'Aquila ní oṣù Kẹrin ọdún 2009, ìlànà ìkọ́lé tuntun lórí ilẹ̀ mímì di dandan láti oṣù Keje ọdún náà, nítorí náà ilé tí wọ́n gba àṣẹ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn ní ìṣirò irin àti kọnkéré tó dára jù ti ìṣáájú. Agbègbè Brindisi, níbi tí Ostuni wà, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí ewu ilẹ̀ mímì ti kéré jù lọ ní ilẹ̀ náà. Ẹ ṣì béèrè ìwé tí ẹ́ńjínníà fi jẹ́rìí sí òpó àti òrùlé rẹ̀, pẹ̀lú ìwé agibilità tó fi hàn pé ènìyàn lè gbé inú ilé náà, àti ìwé ẹ̀rí iná mànàmáná àti gáàsì. Ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó rà láti mú kọ́ńtírákítọ̀ lórí àbùkù ńlá kò kọjá ọdún mẹ́wàá, nítorí náà ti ilé yín ti tán. Bí òrùlé bá là tàbí tí ògiri bá sán, ẹ̀yin ni ẹ ó tún un ṣe. Ẹ lọ wò ó ní oṣù Kìíní tàbí Kejì, kì í ṣe ní oṣù Kẹjọ. Òkúta fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń mọ ògiri níbẹ̀ máa ń fa omi láti inú ilẹ̀, òrùlé pẹrẹsẹ máa ń jò níbi tí ọ̀dà dúdú orí rẹ̀ bá ti gbó, afẹ́fẹ́ òkun sì máa ń jẹ irin inú kọnkéré títí tí yóò fi wú, tí yóò sì la kọnkéré náà. Gbogbo èyí ni oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ń bò mọ́lẹ̀. Iná mànàmáná tí wọ́n sábà máa ń fún ilé ní Ítálì jẹ́ 3 kìlówáàtì péré. Ilé tó ní ẹ̀rọ adágún, ẹ̀rọ amúlétutù àti ibi ìdáná oníná nílò ìlọ́po méjì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì wo iye tí wọ́n kọ sínú bíìlì kí ẹ tó rò pé ohun gbogbo yóò ṣiṣẹ́ pọ̀.

Lórí owó orí, ẹ fara balẹ̀, nítorí pé ìròyìn rere wà níbẹ̀. Níwọ̀n bí ẹ ti ń rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, tí kì í ṣe lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó kọ́ ọ, ìdá 9 nínú 100 ni ẹ ó san fún ìforúkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè sọ fún notaio pé kí ó gbé e lé iye tí catasto kà sí ilé náà dípò iye tí ẹ rà á. Nínú catasto ni iye kan wà tí wọ́n ń pè ní rendita; ẹ ó sọ ọ́ di ìlọ́po 126. Bí rendita ilé yín bá jẹ́ 1,400, fún àpẹẹrẹ, ìpìlẹ̀ ìṣirò jẹ́ 176,400, owó orí sì jẹ́ 15,876, pẹ̀lú 100 mìíràn fún ìforúkọsílẹ̀ kéékèèké méjì. Bí ẹ bá gbé ìdá 9 yẹn lé 480,000, ì bá jẹ́ 43,200. Ẹ ó ṣì kọ iye tí ẹ san gan-an sínú ìwé, láìdín. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ iye tó kéré ń ti yín sínú ẹjọ́. Ilẹ̀ oko tó kọjá àyíká ilé kò sí nínú àǹfààní yìí: ìdá 15 ni ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀ ń san lé e, lórí iye tí a kọ pé a rà á. Nítorí náà, bí 30,000 nínú owó náà bá jẹ́ ti oko, 4,500 ni yóò fi kún un.

Alágbàtà sábà máa ń gba ìdá 3 lọ́wọ́ òǹrajà, ìdá 3 mìíràn lọ́wọ́ òǹtajà, pẹ̀lú VAT ìdá 22 lórí owó iṣẹ́ náà. Lórí 480,000, ti yín jẹ́ 17,568. Ẹ béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Camera di Commercio, ilé tí àwọn oníṣòwò ti ń forúkọ sílẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí owó kankan. Owó notaio, geometra àti ògbufọ̀ wà lọ́tọ̀. Lọ́dọọdún, ẹ ó san IMU, tí í ṣe owó orí ilé tí ènìyàn kì í gbé gẹ́gẹ́ bí ibùgbé pàtàkì: bí a bá sọ rendita 1,400 kan náà di ìlọ́po 168, tí comune sì mú ìdá 1.06 nínú 100 lé e, yóò jẹ́ nǹkan bí 2,493, tí ẹ ó san ní ìdajì ìdajì ní oṣù Kẹfà àti oṣù Kejìlá. Owó ìkólẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kò ní rí ẹni fi IMU létí yín. Ẹ̀yin ni ẹ gbọ́dọ̀ rántí.

Bí geometra bá ti sọ pé ohun gbogbo mọ́, ẹ lọ sí ìwé àdéhùn kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní compromesso, kí ẹ sì ṣe é níwájú notaio tí ẹ̀yin yàn, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ ó san owó rẹ̀. Ẹ ní kí ó forúkọ àdéhùn náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ohun-ìní ìjọba, kí onílé má baà lè tà á fún ẹlòmíràn, kí gbèsè tuntun má sì lè wọ orí rẹ̀ láàárín ìgbà yẹn àti ọjọ́ ìtajà. Láti 2017, òfin ti jẹ́ kí òǹrajà ní kí notaio gba owó ilé náà sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, kí ó má sì fún onílé títí tí wọn yóò fi forúkọ ìtajà náà sílẹ̀ tán. Kí ẹ lo ẹ̀tọ́ yìí. Bí ẹ kò bá gbọ́ èdè wọn, ìwé náà gbọ́dọ̀ wà ní èdè méjì pẹ̀lú ògbufọ̀, tàbí kí ẹ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán ní àṣẹ láti tọwọ́ bọ̀ ọ́ fún yín. Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn, ẹ gba nọ́ńbà owó orí, codice fiscale, ní ọ́fíìsì aṣojú Ítálì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Gẹ́gẹ́ bí ọmọ orílẹ̀-èdè Brítéènì, kò sí ohun tó dí yín lọ́wọ́ láti ra ilé ní Ítálì, nítorí pé òfin Brítéènì náà kò dí ará Ítálì lọ́wọ́. Ẹni tó jẹ́ páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà nìkan ló ní lè rà á bí ó bá ní ìwé ìgbélùú Ítálì tí kò tíì kú. Bí kò bá ní in, notaio gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò bóyá òfin Nàìjíríà ń fún ará Ítálì ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ilé rírà kò fún yín ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé níbẹ̀. Láti ìgbà tí Brítéènì ti jáde kúrò nínú ìṣọ̀kan Yúróòpù, 90 ọjọ́ nínú 180 ni ẹ lè lò láìgba físà, wọn yóò sì ka ọjọ́ tí ẹ bá lò ní Faransé tàbí Spéènì mọ́ ọn. Fún ìfẹ̀yìntì, físà residenza elettiva ni ẹ ó wá: wọ́n ń béèrè owó tó ń wọlé láìṣiṣẹ́, bíi owó ìfẹ̀yìntì tàbí owó ilé tí ẹ fi háyà, tí kò dín ní nǹkan bí 31,000 yúrò lọ́dún fún ẹnì kan, pẹ̀lú àfikún fún ọkọ tàbí aya, ẹ kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ owó níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ di olùgbé Ostuni ní tòótọ́ ni ọ̀rọ̀ owó orí ìdá 2 dípò ìdá 9 tí àwọn kan lè ti sọ fún yín á tó kàn yín, àwọn tó bá sì ṣe ìlérí níwájú notaio pé àwọn yóò kó wá sí comune náà láàárín oṣù 18 ni wọ́n ń fún. Nítorí náà, bí ìfẹ̀yìntì yín bá ṣì jìnnà, ìdá 9 ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò yín. Bí ó bá ti súnmọ́, ẹ lọ béèrè ọ̀rọ̀ físà ná kí ẹ tó yan ọjọ́ ìtajà, kí ẹ sì ní kí geometra wò ó fún yín bóyá A/7 (ilé ńlá lásán) ni catasto kọ sí ilé náà tàbí A/8 (ilé ńlá afẹ́), nítorí pé ilé tí wọ́n bá kọ A/8 sí kì í rí ìdá 2 yẹn gbà.